Àjẹ̀ Méjì Nínú Ọkọ̀ Kan

Kò sí ibi tí mo lè fi í pamọ́ sí mọ́. Ojú ìwé igba ó lé méjìlá. Ojú ìwé igba ó lé mẹ́tàlá. Wọ́n wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣí wọn wò bóyá wọn á pòórá, wọn ò pòórá. Ìwé wà lórí itan mi, bébà tí mo kọ ọ̀rọ̀ mi sí wà lórí ìwé, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí bébà, bí ẹni tó ń di ọmọrí ìkòkò mú kí ó má baà hó dànù.

Ẹni méjì ló kù kó kàn mí láti sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa. Rárá, ẹnì kan àti ààbọ̀. Baba Onílẹ́tà ti dé ìdajì ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ogún ọdún ó lé ló fi pín lẹ́tà kiri kó tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ kò tíì kọ́ bí èèyàn ṣe ń dé ibi tó ń lọ ní tààrà. Ó ń sọ pé fíìmù tí wọ́n fi ìwé yìí ṣe gé e kúrú. Ta ni kò mọ̀? Wákàtí méjì ni fíìmù. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ka ìwé náà nígbà àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́rìnlá, ìka mi lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè mi ń mì bíi ti ẹni tó ń jẹ ohun gbígbóná…

Ó wà lẹ́yìn. Mi ò tíì bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ọmọ mi obìnrin ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: "Màámi, ẹ má bínú o. Bùọ̀dá mi ń bọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ló ní òun máa jókòó sí." Mo ní ilé ìkàwé kì í ṣe ilé bàbá mi, ẹni tó bá wù ú kó wá. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo sì tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe kọ́là náà.

Ọdún mẹ́fà ni ọmọkùnrin mi kò fi wọ ilé mi. Ọdún mẹ́fà, mi ò pè é lọ́mọ mi létí ẹnikẹ́ni.

Bébà yìí sì wà lọ́wọ́ mi. Ojú mẹ́ta gbáko, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó mọ́. Àkọlé rẹ̀: "Bí Fíìmù Ṣe Purọ́ Mọ́ Ìwé." Mo ti rí bí yóò ṣe rí. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Èmi yóò sọ fún gbogbo ilé pé ìyá gidi kò ṣí ilẹ̀kùn. Òun yóò gbọ́. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé òun ni mo ń bá wí, àfi òun, àfi èmi, àfi ọmọ mi obìnrin tí yóò máa wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dán, tó gún régé. Àárọ̀ yìí sì dé…

Jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe ń to aṣọ. Ìsàlẹ̀ kọ́kọ́.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìwé Ìyá Atukọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Àwọn tó lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́mọdé ti kà á, wọ́n ti gbàgbé. Èmi ò lọ lọ́mọdé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó nínú kíláàsì àgbà, lórí àga kékeré tó jẹ́ kí orúnkún mi máa bá àgbọ̀n mi sọ̀rọ̀, tí Tíṣà wa, ọmọbìnrin tí mo lè bí, ní kí n wí tẹ̀lé òun: A. Mo wí i. Ojú ò tì mí. Ẹni tí ebi ń pa kì í tijú oúnjẹ.

Obìnrin inú ìwé ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ yìí jẹ́rìí èké, wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ gbé gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ọkọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí òtítọ́ jáde, ọmọ sá lọ. Ó ṣe, ó padà, nínú òjò, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ìparí ojú ìwé igba ó lé mọ́kànlá. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi: *Ìyá mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó dìde. Ó fi ìdábùú dí ilẹ̀kùn.*

Mo ṣí ìwé sí òdìkejì: *Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti kún dé bèbè. Ìyá Atukọ̀ tú okùn ọkọ̀.*

Ó parí. Ó dí ilẹ̀kùn, ilẹ̀ mọ́, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò sunkún, kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo sọ ọ́ síta láàárín àwọn aṣọ tí mò ń lọ̀ níbi iṣẹ́: ìyá nìyí. Èèyàn rere kan wà láyé rí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ti gbọ̀ngàn ìdánwò ṣẹlẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Mi ò bù mọ́ ọn. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kan náà lọ́dún kan náà. Èmi nítorí pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é, òun nítorí pé ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò yege. Kò mọ̀ pé gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n kó wa sí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò ń ka orúkọ. Ó ka orúkọ ọmọ mi. Ọmọkùnrin kan ní ìlà iwájú nawọ́: "Mo wà níbí, sà." Mo wo orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Èmi tí mo ti gé irun ọmọ mi láti kékeré, ẹ ò lè fi ìpàkọ́ ẹlòmíràn tàn mí.

Mo dìde. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èyí kì í ṣe ọmọ mi."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ara màmá arúgbó yìí ò yá. Lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n ní ọmọ mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ ìdánwò fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó wá jókòó fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọmọ opó kan, ọlọ́pọlọ tó dá ṣáṣá. Wọ́n lé e kúrò níléèwé. Èmi náà kò yege lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kùnà, ó sì dára ju kí n fi ọwọ́ ẹlòmíràn yege lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó yege. Ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri, ó gún, kò sí ẹni tó lè nàka sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánwò yẹn, ọmọ mi dé, ó kan ilẹ̀kùn. Mo mọ ohùn rẹ̀. Mo dìde. Mo sì mọ ohun tó kàn, nítorí mo ti kà á.

Gbogbo ẹni tó ní ẹnu ló ti bá mi sọ ọ́. Àbúrò ìyá mi ní: "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra." Mo ní ẹ ṣeun mà, àmọ́ níbi iṣẹ́ tèmi, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ti áyọ́ọ̀nù, tòsì ló ń na aṣọ kó má baà hun jọ; kò sí èyí tó ráyè fa ẹnikẹ́ni. Ó ní mo ti ya olórí kunkun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Mi ò kábàámọ̀ pé mo dìde ní gbọ̀ngàn. Kí n sọ ọ́ dáadáa síbí, níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́: mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bó bá tún di ọ̀la, màá tún dìde.

Baba Onílẹ́tà ti jókòó. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó kan ọmọbìnrin aránṣọ. Ẹnì kan ló kù.

Fíìmù wá dé. Ọmọ mi obìnrin ló mú mi lọ, ó ní òun fẹ́ ṣe mí lóore. Mo wọ bàtà mi tó dára. Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ, odò tóbi, obìnrin náà dákẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀kan péré! Ìyá fò dìde, ó ṣí i, ó dì mọ́ ọn, omijé ń dà, orin ń dún bí ẹni pé wọ́n ń ta ọjà. Ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì wà nínú ọkọ̀, oníkálukú pẹ̀lú àjẹ̀ tirẹ̀, wọ́n ń tukọ̀ wọ inú oòrùn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn gbọ́ ohùn mi: "Irọ́! Kò ṣí i! Kò ṣí ilẹ̀kùn!"

"Màmá, ẹ jókòó, ẹ ń dí wa lójú."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ló ni ilé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ mi obìnrin fa aṣọ mi. Nígbà tí a jáde sí títì, ó ní: "Màámi, ó ṣí i ṣá." Mo ní fíìmù ló ṣí i, ìwé ò ṣí i, lọ kàwé. Ó kàn ní, lẹ́yìn ìgbà tí a ti rìn jìnnà díẹ̀: "Ó wù mí kó ṣí i ni."

Nígbà tí Tíṣà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ òǹkàwé, ìwé lápá kan, fíìmù lápá kejì. Ó tún ní: "Ṣùgbọ́n ìyá, ẹ tún orí ìkẹyìn kà kí ẹ tó kọ ọ́ o." Mo ní: "Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti kà á, Tíṣà." Ó wò mí. Ó ní: "Kò burú, mà." Ìwò yẹn. Mo rò pé ẹ̀rù iyì mi ló bà á…

Àgbà kì í tètè gbọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Àjẹ̀ méjì yẹn! Ó wà nínú ìwé, ní ìparí pátápátá, ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìndínlógún: *Àjẹ̀ méjì ń wọ omi, wọ́n ń jáde, wọ́n ń wọ omi.* Lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ni mo kà á. Nínú kíláàsì, ọmọbìnrin aránṣọ yìí gan-an bi mí léèrè: "Ìyá, ta ló mú àjẹ̀ kejì?" Mo dá a lóhùn wàràwàrà. Mo ní odò kún, obìnrin náà sì lágbára, ọwọ́ kan àjẹ̀ kan. Mo fi apá mi méjèèjì ṣàpèjúwe fún wọn. Wọ́n ní ìyá mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní ìwé náà. Ohùn mi ni ìwé wọn. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn mẹ́rin sọdá, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù lápá kan… ta ló ń fi méjì tù ú? Mi ò tukọ̀ rí láyé mi. Mo kàn ṣàlàyé.

Àárọ̀ yìí. Ìgbà ìsinmi ráńpẹ́. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn: ẹ̀wù dókítà, yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò lópin. Èmi ni mò ń po sítáàṣì, èmi ni mò ń lọ kọ́là. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Sítáàṣì nìyẹn. Kọ́là tí mo bá lọ̀ kì í tẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ọlọ́ṣẹ, ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìfọṣọ, máa ń sọ pé bí òun bá kú kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ òkú òun, pé òun ò ní lè dùbúlẹ̀ dáadáa.

Mo gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọṣọ tó ń tú oru omi gbígbóná jáde. Mo fẹ́ da gbólóhùn ilẹ̀kùn yẹn kọ sórí bébà mi láìṣe àṣìṣe kankan. Oru bò ó. Mo fi ìdí ọwọ́ nu ún. Igun ojú ìwé náà sì ṣí, díẹ̀, bí ètè ọmọ tó ń sùn.

Mo ti máa ń rò pé bébà ibẹ̀ yẹn ki ju ti yòókù lọ ni.

Mo ti èékánná bọ àárín rẹ̀. Ó ń yà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Sítáàṣì. Sítáàṣì tèmi, láti ara ìka tèmi, láti ọdún tí mò ń ka ìwé láàárín aṣọ méjì tí mi ò ráyè fọwọ́. Èmi ni mo lẹ ojú ìwé méjèèjì pọ̀. Ìlà tó ṣáájú parí, ìlà tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kò sí ohun tó já. Nọ́ńbà wà nísàlẹ̀: mọ́kànlá, ó di mẹ́rìnlá. Ta ló ń wo nọ́ńbà? Òwú pupa ni mo fi ń sàmì sí ibi tí mo dé.

Mo kà á lórí ìdúró.

*Ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.* Bí ojú ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dí ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, ọmọ wà níta nínú òjò. Ó ní: "Sọ orúkọ rẹ̀." Ọmọ dákẹ́. Ó ní: "Orúkọ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n nítorí ẹnu rẹ. Sọ ọ́." Òjò ń rọ̀. Ọmọ wá sọ orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní: "Kí lo ṣe fún un?" Ọmọ sọ gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá kò dá sí i. Ìgbà yẹn ló tó yọ ìdábùú. Kò dì mọ́ ọn. Ó ju aṣọ gbígbẹ sí i. Ó ní: "Nu ara rẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó jọ tukọ̀ lọ bá a."

Ó parí níbẹ̀.

Ọlọ́ṣẹ ní: "Kí ló dé, Ìyá Sítáàṣì? Ṣé wọ́n pa ẹnì kan nínú ìwé ni?" Mo ní rárá. Mo ní ẹnì kan ló wọlé tí mi ò mọ̀. Ó ní: "Ẹ wá mu omi."

Kí n sọ ìyókù. Kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, kí ni mo wá dìde fún ní gbọ̀ngàn ìdánwò? Mo wo bébà mi, ojú mẹ́ta. Mo wo ike sítáàṣì. Mo ti ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ̀kán kan péré, kí n tẹ ojú ìwé méjèèjì pọ̀ padà, kí n fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ọdún mẹ́wàá ni ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀. Ìka mi wà lókè, ó ń kán tó, tó, sórí tábìlì. Mo sì rí i, ọmọkùnrin yẹn ní ìlà iwájú, tó nawọ́ sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. "Mo wà níbí, sà."

Mo nu ìka mi. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà fíìmù purọ́. Ó dá mi lójú síbẹ̀! Ìyá tó fò dìde, tó dì mọ́ ọmọ láìbi í ní nǹkan kan, tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń jẹrà lẹ́wọ̀n tí kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀… ìdáríjì bẹ́ẹ̀ ò níye lórí, bí kọ́là tí wọn ò fi sítáàṣì sí, kí èèyàn tó dé ìta ó ti wó. Ìwé le ju fíìmù lọ. Màá sọ ìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa pa mí lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé ṣí ilẹ̀kùn.

Mẹ́ta ni wọ́n, wọn kì í ṣe méjì. Ìwé wà, fíìmù wà, èyí tí èmi fúnra mi ṣe náà wà. Àwọn ti fíìmù fi orin kún un. Èmi gé ojú méjì kúrò, mo sì fi ọdún mẹ́fà gbé e kiri pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí.

Ọmọbìnrin aránṣọ ń ká bébà rẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Tíṣà ti ń wo ibi tí mo wà. Ìwò yẹn náà ni. Ó mọ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti mọ̀, ó dúró kí n rí i fúnra mi. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni.

Wọ́n ti pè mí. "Ìyá Sítáàṣì." Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ kí n tó sọ nǹkan kan, wọ́n ti gbọ́ nípa igbe tí mo ké níbi fíìmù, wọ́n ń retí eré. Mo dìde. Orúnkún mi dún. Bébà dúró sórí àga; ìwé ni mo mú. Ní báyìí ni mo bojú wẹ̀yìn.

Ó ti sanra díẹ̀. Ẹ̀wù funfun. Kọ́là rẹ̀ dúró gbọn-in, wọ́n kọ́kọ́ lọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ ìta, wọ́n ti igun méjèèjì wá sí àárín. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò wo ilẹ̀. Ó ń wò mí, bí ẹni tó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, tó sì wá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.

Kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn? Ọmọ opó yẹn. Ibo ló wà? Ṣé ó padà síléèwé? Ọdún mẹ́fà… mi ò bi í rí. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mò ń ṣọ́ òtítọ́, mi ò sì mọ orúkọ ẹni tí irọ́ náà pa lára.

Mo ti dé iwájú. Mo la ìwé. Sítáàṣì gbígbẹ jábọ́ lára rẹ̀ sórí tábìlì, funfun, bí èérún. Mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bíi ti ọjọ́ kìíní. *Ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.*

Ìyá Atukọ̀ dí ilẹ̀kùn, èmi náà dí i. A jọ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n òun dúró tì í, èmi sì lọ sùn.